Ìlú Tí Àjèjì Kì Í Wọ̀: Àkọsílẹ̀ Bí Ìjẹ̀bú Ṣe Yí Padà Lẹ́yìn Ogun Ìmàgbọ̀n

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá máa ń sọ nípa Ìjẹ̀bú-Òde láyé ọjọ́un: "Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì kò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́." Ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà ni, ó sì dá mi lójú pé àwọn Ìjẹ̀bú fúnra wọn kò bínú sí i, nítorí ohun tí ó ń ba àlejò lẹ́rù náà ni ó ń dáàbò bo ọjà wọn. Ṣùgbọ́n kò pé ogójì ọdún lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì múná tí ìlú kan náà fi kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, tí ó ti ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà tirẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti di akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò káàkiri ìlú tí wọn kò bí wọn sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò, ni pé ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1892 ni ó ṣí ibodè Ìjẹ̀bú, àmọ́ ohun tí àwọn ará ìlú ti ní lọ́wọ́ kí ìbọn tó dún, ìyẹn ẹgbẹ́ wọn, èsúsú wọn, àti ọgbọ́n dídúró láàárín ẹni tí ó ní ẹrù àti ẹni tí ó ń wá ẹrù, ni wọ́n fi mọ ayé tuntun náà bí wọ́n ṣe mọ ọ́n.

Ká tó mọ ohun tí ó yí padà, ó yẹ ká mọ ibi tí Ìjẹ̀bú jókòó sí. Ọ̀sà wà níwájú wọn, níbi tí Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀jìnrìn àti Ìkòròdú ti ń pàdé ọkọ̀ ojú omi láti Èkó. Ìbàdàn àti àwọn ìlú òkè sì wà lẹ́yìn wọn. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù ń gòkè. Epo pupa, ekùrọ́ àti, fún ìgbà pípẹ́, ẹrú ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá kó ẹrù bọ̀ láti òkè kò gbọdọ̀ gbé e dé etí ọ̀sà fúnra rẹ̀. Yóò dúró ní ọjà ẹnubodè, yóò tà á fún oníṣòwò Ìjẹ̀bú, yóò sì yí padà. Oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni yóò gbé e dé ibi tí Èkó ti ń rà á, èrè tí ó wà láàárín a sì di tirẹ̀. Àwọn oníbodè wà lójú ọ̀nà tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. Kì í sì í ṣe àṣà àná. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ Potogí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500 pé ìlú ńlá kan wà lẹ́yìn ọ̀sà tí ó ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Erédò Súǹgbọ́ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní olónìí: ó gùn ju 160 kìlómítà lọ, àwọn ibì kan sì wà tí ògiri rẹ̀ ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà. Àwọn tí bàbá wọn gbẹ́ irú yàrà bẹ́ẹ̀ kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnubodè ṣeré.

Nínú ìlú, agbára kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Awùjalẹ̀ ni ọba, ṣùgbọ́n àwọn Ìlámùrẹn, tí Olísà jẹ́ olórí wọn, ní ohùn tiwọn. Òṣùgbó, tí ibòmíràn ń pè ní Ògbóni, ni ó ń dá ẹjọ́, tí ó sì lè pa ẹni tí òfin bá dá lẹ́bi. Pàmpá ń gbẹnu sọ fún gbáàtúù. Pàràkòyí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Àwọn odì sì ni ìránṣẹ́ ààfin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ni régbérégbé wà, ẹgbẹ́ tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra máa ń dá sílẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú, tí wọ́n fi ń jagun, tí wọ́n sì fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi régbérégbé yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá.

Ibodè náà ti ń mì kí òyìnbó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, Ìjẹ̀bú dúró lẹ́yìn Èkìtì Parapọ̀, wọ́n sì ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọwọ́ wọn. Títi ọ̀nà dára fún ogun, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ó rẹ àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú tí ó wà ní bùdó Orù. Wọ́n fẹ́ kí ogun parí, kí ọjà ṣí. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀ kò gbà, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i, títí ó fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1883. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ìjà lórí ibodè kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú àti àjèjì nìkan. Ó ti wà láàárín Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀bú, láàárín àwọn tí títi ọ̀nà ń gbé ga àti àwọn tí títi ọ̀nà ń pa lára. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń gbé Èkó ti rí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìfìwéránṣẹ́. Kúkù, jagunjagun oníṣòwò tí yóò di Balógun lẹ́yìn náà, ti gbé Ìbàdàn, ó sì mọ ilé àti òde àwọn tí wọ́n ń ti ọ̀nà mọ́. Mùsùlùmí náà ti wà nínú ìlú, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Ìtàn tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ń sọ ni pé ẹrú kan tí ó ń jẹ́ Àlí ni olówó rẹ̀ kọ́kọ́ gbà láyè láti máa kírun ní gbangba. Bí ẹ̀sìn tí ó gba ìlú náà ṣe wọlé nìyẹn: ó gba ẹ̀yìnkùlé olówó ẹrú kọjá, kò gba ẹnubodè.

Ní May 1891, George Denton, tí ó ń dí ipò gómìnà mú ní Èkó, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bá Awùjalẹ̀ Adésunbọ̀ Túnwàṣe sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọba kò gba ẹ̀bùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì já sí ibì kankan. Èkó ní wọ́n tàbùkù aṣojú ìjọba. Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò mọ ìdí tí ọba kì í fi í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí ó wá béèrè ohun tí òun kò fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti jẹ gbèsè ọpẹ́ kò lè sọ pé rárá mọ́. Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n gbà pé ọ̀nà yóò ṣí, Gómìnà Gilbert Carter sì ṣèlérí £500 lọ́dọọdún dípò owó oníbodè. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi dá òyìnbó oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà wọn ti dúró ń kígbe, àwọn oníwàásù ń kígbe, Carter fúnra rẹ̀ kò sì ní sùúrù púpọ̀. Lọ́ńdọ̀nù gbà pé kí ogun lọ.

Ogun náà kò gba ìgbà rárá. Ọ̀gágun Francis Scott kó àwọn ọmọ ogun tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Haúsá, tí wọ́n wá láti Èkó àti Gold Coast, àwọn ará Ìbàdàn náà sì wà lára wọn. Wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ wọlé ní àárín May 1892, wọ́n gbé ìbọn Maxim àti rọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Ìjẹ̀bú jà, wọ́n jà gan-an, pàápàá ní ibi tí odò Yemọjí ti ń ṣàn kọjá ní Ìmàgbọ̀n, ní ọjọ́ 19 May. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó kò já mọ́ nǹkan níwájú ìbọn tí kì í dúró mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn kò yọ Awùjalẹ̀ Túnwàṣe nípò. Ó wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1895. Ohun tí wọ́n mú kúrò ni owó oníbodè, àti ọwọ́ tí Òṣùgbó fi ń pa ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ sí ti ìlú mìíràn ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Abẹ́òkúta ti gba àwọn oníwàásù láti 1846, àwọn Ẹ̀gbá sì ti ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi ń gbọ́ ìwàásù. Ìjẹ̀bú tí kò jẹ́ kí oníwàásù sùn mọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní 1892, àmọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá péré, ìjọ ti wà ní ìlú lórí ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ń wá ìwé kíkà àti ìrìbọmi. James Johnson, àlùfáà ọmọ Sàró tí Èkó mọ̀ sí Holy Johnson, ni ó bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn, ìṣòro rẹ̀ kì í sì í ṣe bí yóò ṣe rí ènìyàn bí kò ṣe bí yóò ṣe rí olùkọ́ tí ó tó. Mùsùlùmí tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n pọ̀ ju Kristẹni lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwọn kan máa ń ní òrìṣà ló kùnà lójú ogun, ni àwọn ènìyàn fi wá Ọlọ́run tí ó lágbára jù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ oníwàásù lẹ́nu, àmọ́ kò tó mi. Bìní ṣubú ní 1897, tí wọ́n tilẹ̀ mú ọba wọn lọ sí ìgbèkùn, síbẹ̀ wọn kò sáré bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí ohun tí wọ́n ń bọ. Ó yẹ ká wá ìdí mìíràn. Ọ̀kan ni pé ní Ìjẹ̀bú, ọwọ́ tí ó ń mú ènìyàn dúró sójú kan jẹ́ ọwọ́ òfin. Nígbà tí Òṣùgbó kò lè fìyà jẹ ẹni tí ó bá yà kúrò mọ́, ẹni tí ó ti ń wò láti ọjọ́ yìí ráàyè lọ. Ìkejì ni pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ́ kì í sì í dá lọ níbi tí ẹgbẹ́ bá wà. Bí méjì nínú régbérégbé kan bá ti ń kọ́ ABD, ìyókù kò ní jókòó sílé. Ìkẹta ni èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: oníṣòwò ni wọ́n. Ibodè tí ó fi wọ́n sí àárín Èkó àti òkè ti lọ, wọ́n sì nílò ohun mìíràn tí yóò fi wọ́n sí àárín. Ìwé kíkà mú wọn mọ Èkó. Ìrun kíkí mú wọn mọ Ìbàdàn, Ìlọrin àti gbogbo ọjà ilẹ̀ Haúsá. Bí ẹni bá sì ní ìyàwó mẹ́ta, tí ìjọ òyìnbó ní kí ó lé méjì lọ, ilẹ̀kùn mọ́sálásí kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ African Church tí ó yapa ní 1901 náà kò béèrè.

Ọ̀rọ̀ Balógun Kúkù ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Ó lówó, ó lẹ́rú, ó lẹ́ṣin, ó lọ́mọ ogun, gbogbo ìlú ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fara kan ẹ̀sìn Kristẹni, kò dúró síbẹ̀. Ní 1902 ó di Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e nítorí pé ẹni tí ó ń jẹun nílé rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Kí ó tó gba ẹ̀sìn, ó máa ń ṣe ayẹyẹ ọdọọdún kan tí wọ́n ń pè ní Ọdẹdá, pẹ̀lú ìlù, ijó àti ẹṣin. Mùsùlùmí kò lè máa ṣe ọdún òrìṣà mọ́, ọlọ́lá kò sì fẹ́ kí ọjọ́ ọlá rẹ̀ kú. Ó ti di àṣà pé lẹ́yìn Iléyá, àwọn Mùsùlùmí máa ń lọ sójúde ọba láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó fún wọn láyè láti sìn. Kúkù wá kó ẹṣin rẹ̀, ìlù rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ìbọn ìdùnnú rẹ̀ lọ bá wọn níbẹ̀. Bí Ojúde Ọba ṣe di ohun tí a mọ̀ nìyẹn. Ara Ọdẹdá ló wọ ẹ̀wù Iléyá. Àwọn ààfáà lè má fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀: ẹ̀sìn tuntun rí ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn nínú ìlú, ọlá àtijọ́ sì rí ilé tí yóò máa gbé.

Ìgbà tí ọ̀nà sì ṣí tán ni ọjà sá lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó jagun nítorí ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò la ojú irin gba Ìjẹ̀bú kọjá; ó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Ẹrù tí ó ń gba Ìjẹ̀bú sọ̀kalẹ̀ sí Ẹ̀jìnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọkọ̀ ojú irin. Tí ó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú gbé òwò wọn kúrò nílé, wọ́n lọ jókòó sí Ìbàdàn, Èkó àti àwọn ìlú ojú irin, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ra kòkó, wọ́n ń yá ènìyàn lówó, títí orúkọ sọ̀gúndogójì fi lẹ̀ mọ́ àwọn kan lára wọn. Kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n ni ó sì dára. Láàárín 1920 sí 1940, rírọ ayédèrú owó gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí orúkọ Ìjẹ̀bú sì wọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà fi ń pe owó tí kò dún dáadáa ní "Ìjẹ̀bú." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ wa, àmọ́ àkọsílẹ̀ tí ó bá fò ó ti di oríkì. Ẹni tí ó mọ irin rọ, tí ó mọ ọjà, tí ìjọba sì ti gba ibodè lọ́wọ́ rẹ̀, lè rí i pé owó pàápàá jẹ́ ibodè kan tí ìjọba nìkan jókòó sí.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó pẹ́ jù, tí ó sì jinlẹ̀ jù. Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1913, nípa ìsapá àwọn ọmọ ìlú àti ìjọ Áńgílíkà. Àwọn Mùsùlùmí rí i pé bí ọmọ àwọn bá fẹ́ kàwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan kí ó yí orúkọ padà. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 wá láti gba wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn, ó sì rí ilé ní Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú Muslim College tẹ̀ lé e ní 1950. Ní 1945, Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, oníṣòwò tí yóò jẹ oyè Ọ̀gbẹ́ni Ọjà, tí yóò sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá Nàìjíríà, dá Olú-Ìwà College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú bí wọ́n ṣe ń rí owó rẹ̀ ní ìdílé kọ̀ọ̀kan: wọ́n ń dá èsúsú, wọ́n ń kó o fún ọmọ kan, ọmọ náà ń kàwé tán, ó sì ń fa àbúrò rẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí kò mọ̀wé, máa ń ka ọmọ rẹ̀ mẹ́rin bí ẹni ka ìwọ̀n àgbàdo: ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní mọ́sálásí, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan "nínú ìwé." Lójú tirẹ̀, ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń mú nǹkan bọ̀ wálé.

Rẹ́mọ, apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gba ọ̀nà tirẹ̀, èmi yóò sì sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ogun ní í kó ènìyàn jọ: ìlú mẹ́tàlá ni wọ́n parapọ̀ ní 1872 láti di Ṣágámù. Nígbà tí Ìjẹ̀bú-Òde ṣubú, Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, rí àyè láti bá Èkó ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní 1894, ìjà lórí bóyá Rẹ́mọ wà lábẹ́ Awùjalẹ̀ tàbí kò sí sì tún gùn tó ogójì ọdún kí Rẹ́mọ tó dá dúró ní ìparí àwọn ọdún 1930. Obì gbànja ni ó sọ Ṣágámù di ọjà, tí àwọn Haúsá fi kọ́ Sábó síbẹ̀. Láti Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wá, tí wọ́n bí ní 1909, ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó dàgbà, tí ó fi ẹsẹ̀ wá ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 17, 1955, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó lé ní 450,000 ní ọdún tí ó ṣáájú di èyí tí ó lé ní 800,000. Ní ọdún kejì, Táì Ṣólàárín dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fi ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ṣe. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé láàárín ọgọ́ta ọdún, ilẹ̀ tí kò gba oníwàásù láyè ti bí ẹni tí ó ní òun lè kọ́ ọmọ láìní oníwàásù.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó jèrè. Ọ̀pọ̀ ẹrú sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn lẹ́yìn 1892, èyí sì jẹ́ ìdáǹdè gidi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù di ìwọ̀fà tàbí ẹbí tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń yọ jáde lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ìdílé bá ń pín ogún. Àwọn obìnrin tí ó ń hun aṣọ olónà, aṣọ tí àwọn olóyè Òṣùgbó ń gbé lé èjìká, rí i bí aṣọ òyìnbó ṣe gba ọjà lójú wọn. Wọn kò tètè rán ọmọbìnrin lọ sílé-ẹ̀kọ́ bí ọmọkùnrin. Àwọn oníbodè náà sì wà. Ẹnikẹ́ni kì í ṣọ̀fọ̀ wọn, àmọ́ ìdílé ni wọ́n, oúnjẹ wọn sì lọ ní ọjọ́ kan.

Régbérégbé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nígbà tí kò sí ogun mọ́, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì ti gba iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe, kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò máa kó ara wọn jọ fún? Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí oyè ní April 2, 1960, ni ó jí i dìde. Àwọn Gbọ́baníyì, Bọ́bagúnwà, Jagunmólú, Bọ́bakẹ́yẹ àti àwọn mìíràn tún wà, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìlú, wọ́n sì ń yan aṣọ. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń jáde sójúde ọba, Kristẹni àti Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́ kan náà, nínú aṣọ kan náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìdílé Balógun, Kúkù, Alátiṣe, Odùnúgà, Towóbọ́lá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, máa ń gun ẹṣin wọlé. Ọdún tí àwọn Mùsùlùmí fi ń dúpẹ́ ti di ọdún tí ọmọ Ìjẹ̀bú ń wá láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá àti ìgò ojú rẹ̀, tàn kárí ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan bínú pé ó ti di ọdún aṣọ. Ó pẹ́ tí ó ti jẹ́ ọdún aṣọ. Kúkù náà kò wọ àkísà lọ síbẹ̀.

Ọba Adétọ̀nà wàjà ní July 13, 2025, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí oyè. Láyé àtijọ́, òkú Awùjalẹ̀ kì í ṣe ti ẹbí. Àwọn tí ó mọ ètùtù ni wọ́n ń gbé e wọlé, ara ìlú kì í sì í rí i. Òfin ọba àti ìjòyè ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2021 fún ọba láyè láti gba ìsìnkú ẹ̀sìn tirẹ̀, Awùjalẹ̀ sì ti fara mọ́ ọn nígbà ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù, nílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹlẹ́sìn Ìṣẹ̀ṣe ní wọ́n gba ẹ̀tọ́ àwọn, wọ́n fẹ́ ṣe ti àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò ráàyè súnmọ́ ibẹ̀. Àríyànjiyàn náà gba orí rédíò àti ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí àwọn kan ń bi ara wọn pé ta ni ó ni ọba, ìdílé ni àbí ìlú. Ẹ̀sìn tí wọ́n ní ẹrú kan kọ́kọ́ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé olówó rẹ̀ ni ó wà nídìí sàréè ọba ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òfin kí Ìmàgbọ̀n tó ṣẹlẹ̀ sì dúró sẹ́yìn ẹnubodè, wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wọlé.